Ìlọ̀rí ni ọmọ mi ń jẹ́, kì í ṣe Ìlọrin

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ìyá wa. Ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ní àwọn àgbà ilé ọkọ yín ti fi Ìlọ̀rí pe ọmọ tí ẹ kò tíì bí, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń jẹ́ ẹ, àti bóyá àwọn ènìyàn yóò lè pè é bó ti yẹ. Ọmọ mi kejì ń jẹ́ ẹ, Ìlọrin níbí sì ni a ti ń tọ́ ọ, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni àkọ́bí mi nígbà tí mo lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọmú sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, mo dákẹ́, torí pé n kò rí i rárá láti ìgbà tí mo ti bímọ. Ó fa ìlà gbọọrọ sí àyè náà lórí káàdì mi. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi, ọmọ Òmù-Àrán ni wọ́n, wọ́n kàn ní, "Ìlọ̀rí nìyẹn." Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi Ìgè àti Òjó, ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìtíì rí nǹkan oṣù láti ìgbà tó ti bí èyí tó ṣáájú; takọtabo ló sì ń jẹ́ ẹ. Ọmú fífún a máa dá nǹkan oṣù dúró, ṣùgbọ́n ẹyin obìnrin lè jáde kí nǹkan oṣù tó padà yọjú. Àlàfo yẹn ni Ìlọ̀rí ń gbà wọlé.

Kí ẹ má rò pé pípè rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, obìnrin a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kò sì ní sún mọ́ ọkọ. Ẹni tó bá lóyún kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú di ẹni ẹ̀sín. Ẹni tó bá wá mọ ìtumọ̀ orúkọ yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá yín. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ìyàwó ilé ń fi ìbòrí bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì bi ọkọ mi bóyá ilé ń jó ni. Ojú tì mí fún bí ọdún kan gbáko. Àwọn tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́, bí ìyẹn bá lè tù yín nínú.

Gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, ó wọ́pọ̀, torí pé nígbà tí ilé ìwé àti ìjọba dé, orúkọ bàbá ni wọ́n ń kọ mọ́ ọmọ lára, báyìí ni àmútọ̀runwá bàbá ńlá ṣe di ti gbogbo ẹbí. Àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ ẹ gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Wọn yóò máa bi ọmọ yín pé, "Ti bàbá rẹ nìyẹn, ìwọ ńkọ́?"

Ní ti pípè, dò dò mí ni Ìlọ̀rí. Dò re re ni ìlú, imú sì ni a fi ń parí rẹ̀. Síbẹ̀, Alfa tó sọ ọmọ wa lórúkọ rò pé a fẹ́ fi í jọ Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory tó dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tó wà ní Agége, sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni, lédè Lárúbáwá, ọmọ Ìlọrin ni Al-Ilory túmọ̀ sí. Fóònù mi pàápàá kì í gbà: bí mo bá tẹ Ilori, á fi n kún un.

Ibi tó ti ná mi lówó ni ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ẹnu lásán ni mo fi pe orúkọ fún akọ̀wé, n kò sì wo ìwé náà títí mo fi délé. Orúkọ: Ilorin. Ibi tí a bí i sí: Ilorin. Ìwé ìbúra kóòtù ni mo fi tún un ṣe, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìrìn. Ẹ kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí tákàdá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ nà án sí akọ̀wé, kí ẹ sì ka ohun tó bá kọ níṣojú rẹ̀ kí ó tó lu òǹtẹ̀.