Òṣìṣẹ́ ọsibítù àti abẹ́rẹ́ àjẹsára: ṣé kò ba tawakkúlù (ìgbáralé Ọlọ́hun) jẹ́?

Ìbéèrè: Salaamu alaekum Àfáà wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan l'Ádó Èkìtì níbí. Wọ́n ní ká wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn látinú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ àwọn Mùsùlùmí kan láàárín wa, tó fi mọ́ ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ mẹdísìn, ní àwọn ò gbà á, pé ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun ò nílò ẹ̀. Ó tún máa bọ́ sínú àwẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam arábìnrin mi. Ẹ lọ gbà á o, ẹ má fi falẹ̀.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ tawakkúlù yẹn, ṣé wọn kì í wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ni? Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáámù (agbègbè Síríà), Kálífà Umar tó ti dé Sargh, ìlú kan lójú ọ̀nà ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀ ṣẹ́rí padà, Abu Ubaydah, ọ̀gá ọmọ ogun Mùsùlùmí níbẹ̀, wá bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún, Umar ní bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ta ló wá ní ìmáànì ju Umar lọ nínú wa?

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti ara yín nìkan. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ aláìsàn kan tó bá ṣèèṣì gún yín lọ́wọ́ ti tó láti kó àrùn yìí ràn yín, kòkòrò tó ń fà á sì lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí tébù gan-an ò ṣe é fojú di. Èèyàn lè ní in fún ọdún gbọọrọ kó má mọ̀, kó máa kó o ran ará ilé ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ á sì máa bàjẹ́ lọ. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní a ò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a ò sì gbọdọ̀ ni ẹlòmíì lára. Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ mẹdísìn yẹn, àmáánà tó wà lọ́rùn tiẹ̀ tún wúwo jù, torí ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ṣe.

Ti àwẹ̀, abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ kì í bà á jẹ́, àwọn onímọ̀ fíkíhi (òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù) tó pàdé ní Jeddah lọ́dún 1997 sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣì ń kọ yín lọ́kàn, ẹ gbà á lẹ́yìn ìṣínu.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ o, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹ ti ní àrùn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń gún un, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta lóṣù kẹfà, ẹ má gba ẹyọ kan kẹ́ ẹ wá jókòó. Ẹ bá mi pe àwọn tó ń kọ̀ yẹn wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn Jímọ̀.