Ilé ìgbafẹ́ mi ti di ibi ìjà
Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìgbafẹ́ mi ní Àkúrẹ́ ti di ojúkò ọ̀mùtí, àwọn onídìílé ò wá mọ́. Mo máa ń ta ọtí ní ẹ̀dínwó lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Mo ti kun ilé náà lọ́dà tuntun, síbẹ̀ pàbó ni.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ọ̀dà kọ́, ọtí ẹ̀dínwó alẹ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ló ń pè wọ́n. Magaluf, ìlú etíkun ní Mallorca, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ti bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2020, ìjọba fòfin de ọtí ẹ̀dínwó níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ò sì gbọdọ̀ ta ọtí láti aago 9:30 alẹ́ sí 8 àárọ̀. Lọ́dún 2024, ẹni tó bá mutí lójú títì á san 500 yúrò, ó kéré tán.

Owó máa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn o, àánú yín sì ń ṣe mí. Ẹ dá ẹ̀dínwó yẹn dúró ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sán Sunday ni kẹ́ ẹ fi pe àwọn onídìílé, kí iyán àti ọbẹ̀ gbóná wà nílẹ̀.