Ìdajì Ọdún Ti Lọ: Èwo Nínú Ìwé Tí Mo Kà Ló Ṣẹ́ Kù Sí Mi Lọ́kàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àpáta nílùú Ìbàdàn ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo pinnu pé ìwé 24 ni n ó kà, méjì méjì lóṣù. Oṣù Kẹfà ti parí báyìí, méje péré ni mo kà tán, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Mẹ́rin wà tí mo pa tì. Ọ̀kan nínú wọn, ìwé nípa bí èèyàn ṣe ń kówó jọ ni, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ní kí n rà á. Láti Oṣù Kẹta títí wọ Oṣù Kẹrin ni mo fi gbé e kiri nínú báàgì, n kò sì kà á dé ìdajì. Òmíràn jẹ́ ìtàn àròsọ tí mo rà ní àlòkù. Ó dùn níbẹ̀rẹ̀, àfi bí ìtàn ṣe dédé dàrú mọ́ mi lójú láàárín. Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú méje tí mo kà tán pàápàá, méjì wà tí n kò lè sọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣé kí n padà lọ parí àwọn tí mo pa tì ni? Báwo ni mo ṣe lè yẹ ìwé kíkà mi wò, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, kí oṣù mẹ́fà tó kù má bàa rí bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun tó o kọ̀wé. Ilé ìkàwé ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú, irú ìbéèrè yìí sì máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi tí ọdún bá ti dé ìdajì. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, torí ó jọ pé òun ló ń dà ọ́ lọ́kàn rú láìnídìí.

Ní 2019, onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Marc Brysbaert, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń yára kàwé jọ. Ohun tó rí ni pé àgbàlagbà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sínú máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan, tí kì í bá ṣe ìtàn àròsọ. Tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ, ó ń tó 260. Ká ní ìwé kan ní ọ̀rọ̀ 75,000, wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ló máa gbà. Ìwé 24 kò ní ju nǹkan bí wákàtí 125 lọ lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìwọ tó ń wọ Micra láti Àpáta lọ sí Dùgbẹ̀ láàárọ̀, tó tún ń padà nírọ̀lẹ́, o mọ iye ìṣẹ́jú tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń gbà lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe àìráyè ló fà á. Ìwọ fúnra rẹ ti sọ ohun tó fà á: ìwé owó yẹn ni.

Ìwé tí èèyàn kò fẹ́ kà, tí kò sì fẹ́ fi sílẹ̀, òun ló máa ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù. O kò kà á, o kò sì ka òmíràn, torí ojú ń tì ọ́ láti ṣí ìwé mìíràn nígbà tí èyí ṣì wà nínú báàgì. Bí oṣù méjì ṣe wọgbó nìyẹn. Owó tó o fi rà á ti lọ, kò sì sí bó o ṣe lè fi ìrora kà á tí owó náà máa padà wálé. Nancy Pearl, tó ṣiṣẹ́ láíbìrì ní Seattle lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí fẹ́ràn. Ó ní ẹni tí kò bá tíì ju 50 ọdún lọ, kó ka ojú ewé 50. Tí kò bá wọ̀ ọ́ lára títí dé ibẹ̀, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni iye ojú ewé tó jẹ ìwé náà. Ẹni 60 ọdún jẹ ẹ́ ní ojú ewé 40 péré. Òfin yìí dùn mọ́ mi nínú, bí mo ṣe ń dàgbà náà ló túbọ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń yọ ìwé ìdánwò sọ́tọ̀, torí kò sẹ́ni tó bi ọ́ bóyá o gbádùn ìyẹn. Mo sì máa ń fún ìtàn àwọn àgbà òǹkọ̀wé wa ní àfikún, nítorí àwọn yẹn á kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, wọ́n á pa òwe, kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn jáde nílé.

Tí ìwé owó náà bá ṣì ń jẹ ọ́ lọ́kàn, gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó o fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá rẹ pé orí wo ló ṣe wọ́n láǹfààní jù. Tí wọ́n bá dárúkọ orí kan, fò lọ síbẹ̀, kà á, ó parí. Tí wọ́n bá ń wo òkè àjà, a jẹ́ pé ibi tó o dúró sí làwọn náà dúró sí.

Ọ̀rọ̀ ìtàn àlòkù yẹn yàtọ̀ pátápátá. Kó o tó sọ pé òǹkọ̀wé náà kò mọ ìtàn sọ, ṣí ìwé náà síbi tó ti dàrú mọ́ ọ lójú, kó o máa wo nọ́ńbà ojú ewé. Má ka ọ̀rọ̀ rárá, nọ́ńbà nìkan ni kó o máa tẹ̀ lé. Tó o bá rí 96, tí èyí tó kàn sì jẹ́ 113, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Àwọn òǹtẹ̀wé kì í tẹ ojú ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bébà ńlá ni wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ sí tojú tẹ̀yìn, tí wọ́n á ká a ní àkátúnká. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bébà kan á di ojú ewé 16. Wọ́n á wá to àwọn tí wọ́n ti ká yìí léra wọn kí wọ́n tó rán wọn tàbí kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Bí ọwọ́ ẹni tó ń tò ó bá fo ọ̀kan, ojú ewé 16 ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, wàá ka 81 dé 96, 81 á tún bẹ̀rẹ̀. Ayédèrú ìwé tí wọ́n ń tà lójú títì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, àmọ́ mo ti rí i nínú ojúlówó náà. Àìmọye òǹkàwé ló ti gbé irú rẹ̀ dá padà sórí káńtà mi pé ìwé yìí kò nítumọ̀. Ó nítumọ̀ o, ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé ni ìtumọ̀ rẹ̀ kù sí. Tí tìrẹ bá pé pérépéré, tó tún dàrú, nígbà náà dá òǹkọ̀wé lẹ́bi bó ṣe wù ọ́.

Ní ti méjì tó o kà tán tí o kò rántí, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti tẹ̀wé jáde lórí bó ṣe dán ìrántí ara rẹ̀ wò. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì rí i pé lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti fò lọ. Ìtàn gidi kì í tètè sá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń sá. Ohun tó ń dì í mú kì í sì í ṣe àkàtúnkà. Ní 2006, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Àwọn kan ń kà á lákàtúnkà. Àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ló borí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé àyẹ̀wò ìdajì ọdún, ìwé pípadé ni wọ́n fi ń ṣe é. Ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Jókòó, kó o kọ orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sílẹ̀ láti orí, àwọn tó o pa tì pẹ̀lú. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ẹni tó mú ọ débẹ̀, ibi tó o dúró sí, àti ohun kan tó ṣẹ́ kù sí ọ lọ́kàn. Má kọ ìtàn rẹ̀ já, ohun kan ṣoṣo ni. Ká ní èmi ló kà á, bí n ó ṣe kọ ọ́ rèé:

“Ìwé owó. Ọ̀gá ló ní kí n rà á. Mo dúró ní orí kẹrin. Ohun tó sọ ní orí kìn-ín-ní ló tún ń sọ níbẹ̀. Mo rántí: kí n máa kọ ìnáwó sílẹ̀.”

“Ìtàn ọmọ tó ń lọ sí òkè òkun. Èmi fúnra mi ló mú un lórí àtẹ, mo ti ka ojú ewé méjì lórí ìdúró kí n tó rà á. Mo kà á tán. Mo rántí: ìyá rẹ̀ di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì.”

Tó o bá kọ ọ́ tán, wo ìlà “ẹni tó mú mi débẹ̀” nìkan, láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó o pa tì, ẹlòmíràn ló yàn wọ́n fún ọ, àwọn tó o sì ṣì rántí, ìwọ lo yàn wọ́n. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá ti yìn, á dùn ún ni, tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, á já a kulẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé burúkú ló máa ń sọ irú nǹkan báyìí fún èèyàn; èyí tó dùn kì í jẹ́ ká bi ara wa léèrè.

Má sì tètè pe gbogbo èyí tó o pa tì ní burúkú. Ranganathan, àgbà láíbìrì ọmọ Íńdíà, kọ òfin márùn-ún iṣẹ́ wa ní 1931. Méjì nínú wọn ni pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkàwé tirẹ̀. Nílé ìkàwé àtijọ́, bébà pélébé kan máa ń wà lẹ́yìn ìwé tí a ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà sí. Wàá rí èyí tí òǹtẹ̀ kankan kò kàn fún ọdún bíi mélòó, tí wọ́n á dédé máa já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìwé ọ̀hún kò yí padà. Torí náà, nínú mẹ́rin yẹn, tó o bá rí èyí tó jẹ́ pé àkókò ni kò bá a mu, gbé e sórí pẹpẹ, má kà á sí gbèsè.

Ohun kan wà tó o sọ kọjá bí ẹni pé kò tó nǹkan: Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Nílùú Ìbàdàn! Ìlú tí Oxford University Press ti ń tẹ̀wé kó tó di University Press ní 1978, tí wọ́n ṣì ń tẹ ìwé Yorùbá ní Jẹ́ríkò títí dòní. Ìwọ tí ìwé owó sú, wá Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969. Ìtàn ọ̀daràn ni, Làpàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpa wọn. Má retí ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan o. Ojú tí Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lára máa ń fà lórí àmì ohùn. Ka ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ sókè kí ojú rẹ lè mọ ọ̀nà.

Ní ti 17 tó kù, fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, kó o di 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́ mú. Nígbàkigbà tó o bá sì tún dúró nídìí àtẹ, ka ojú ewé àkọ́kọ́ àti ọ̀kan láàárín, kó o yẹ nọ́ńbà wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó o tó fa owó yọ. Tí ẹni tó ń tà bá ń kanra, ìwé wà níwájú.