Ta ló gba orúkọ lọ́wọ́ abúlé Jámánì tó wà ní Ọsirélíà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé ní Adelaide fi fọ́tò abúlé kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ó ní Hahndorf ni wọ́n ń pè é, pé àwọn Jámánì ló tẹ̀ ẹ́ dó, ìjọba sì gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ wọn nígbà kan. Kí ló gbé Jámánì débẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi gba orúkọ? (Ìyá Ìbejì, Kúbwá)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè o, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ làbúrò yín sọ. Ọ̀rọ̀ ìjọsìn ló lé wọn kúrò nílé. Ọba Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì nígbà yẹn, Friedrich Wilhelm Kẹta lorúkọ ẹ̀, fẹ́ pa ìjọ Luther pọ̀ mọ́ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì míì tó ń jẹ́ Reformed, ó gbé ìwé ìsìn tuntun kalẹ̀ pé òun ni kí gbogbo wọn máa lò, àwọn kan nínú ọmọ ìjọ Luther ní àwọn ò lò ó, ni wọ́n bá ń ti àwọn pásítọ̀ wọn mọ́lé. Àwọn tó tẹ Hahndorf dó wọ ọkọ̀ òkun tó ń jẹ́ Zebra, wọ́n gúnlẹ̀ ní South Australia, ìpínlẹ̀ tí Adelaide wà, ní December 1838, wọn ò nílẹ̀ kankan. Ọ̀gá ọkọ̀ yẹn, Dirk Hahn, ìbá já wọn sílẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ, àmọ́ ó bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fún wọn ní éékà 100 láìgba owó ilẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ abúlé ní 1839, “dorf” ni Jámánì ń pe abúlé. Ilẹ̀ yẹn ò ṣófo o, ti àwọn Peramangk, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni, ọwọ́ ìjọba òyìnbó làwọn onílẹ̀ tí mo wí yẹn sì ti rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kúbwá, tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn Gbágyì tó ni ilẹ̀ Àbújá láti ìbẹ̀rẹ̀, á yé yín.

Ti àwọn obìnrin wọn ló wọ̀ mí lára jù. Adelaide lọjà wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, bíi kìlómítà 26, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn rìn láti Kúbwá dé Wúsè, àárín òkè sì ni. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń gbéra kílẹ̀ lè mọ́ bá wọn lọ́jà, ẹ̀fọ́, ẹyin àti bọ́tà lẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá tà tán, ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ dòní ni pé kálukú máa ń gbé bíríkì méjì bọ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ kọ́. Bíríkì méjì, lẹ́yìn òru àìsùn! Ìyá mi pàtẹ ata ní Sábóngàrì Kánò, mo mọ bí ọrùn obìnrin ṣe ń rí nírọ̀lẹ́ tó bá ti ru igbá láti ìdájí.

Ti orúkọ wá, Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á. Britain àti Jámánì ń jà, ẹ̀yìn Britain sì ni Ọsirélíà wà, South Australia wá ṣòfin ní 1917 láti pa orúkọ Jámánì rẹ́ lára ìlú àti abúlé, orúkọ 69 ló lọ. Hahndorf di Ambleside, Klemzig di Gaza, Lobethal di Tweedvale. Ó ti lé lọ́dún 70 tí wọ́n ti débẹ̀ nígbà yẹn o, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò mọ ilẹ̀ míì! Ó dùn mí gan-an. 1935 ni wọ́n tó dá Hahndorf padà fún wọn.

Ọ̀nà táwọn obìnrin yẹn ń rìn ṣì wà, orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pè é báyìí, ẹ ní kí àbúrò yín rìn ín díẹ̀, kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.