Èrìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀ àti Oògùn Ìfọnu Tó Ti Pẹ́ Jù

ÌBÉÈRÈ
Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Ìlọrin. Láti ìgbà ọyẹ́ ni èrìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá ń fọ ẹnu. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa tà oògùn ìfọnu kan fún mi, chlorhexidine ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù, ni mo bá sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí. Àmọ́ eyín mi ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ n kì í jẹ obì, ọbẹ̀ kò sì dùn lẹ́nu mi mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n kúkú máa bu Dettol díẹ̀ sómi fi yọ ẹnu. Ààwẹ̀ náà ti ń sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ràmọ́tà

ÌDÁHÙN
Ìyá Ràmọ́tà, ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Dettol kúrò ńlẹ̀, torí òun ló lè ṣe yín léṣe jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan ẹnu rárá, bó ti wù kí omi rẹ̀ pọ̀ tó. Ó lè bó ẹnu, ẹni tó bá sì ṣèèṣì gbé e mì lè kó sí wàhálà ńlá. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún Màmá. Iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù.

Oògùn tí wọ́n tà fún yín, oògùn gidi ni. Nọ́ọ̀sì eyín ni mí, àwa náà a máa fún ẹni tí èrìgì rẹ̀ wú, tí kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ṣùgbọ́n oògùn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kì í sábà kọjá oṣù kan. Òun ló ń pọ́n eyín yín, tíì àti kọfí a sì máa dá kún un. Òun náà ló gba adùn ọbẹ̀ lẹ́nu yín. Ẹ dá a dúró lónìí. Adùn yóò padà, wọ́n á sì lè nu ibi tó pọ́n nílé ìtọ́jú eyín.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dín kù yẹn ló tàn yín. Ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ìdí eyín ló sábà máa ń mú èrìgì ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá ti le, oògùn ìfọnu kò lè yọ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò lè yọ ọ́, pákò orin ata gan-an kò lè yọ ọ́. Ta ló ń fi omi olóòórùn dídùn ṣan dúdú ìdí ìkòkò? Wọ́n ní láti ha á ni. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà, láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán: pé eyín tí wọ́n bá ha á máa mì. Kò rí bẹ́ẹ̀! Ìdọ̀tí yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí egungun tó gbé eyín dúró máa jẹ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó wá, eyín rẹ̀ ti ń mì tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kó mọ̀. Ẹ tètè lọ, kó tó di ààwẹ̀. Tí wọ́n bá ha á tán tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àtọ̀gbẹ a máa ba èrìgì jẹ́. Bí oyún bá sì wà, ẹ sọ fún wọn.

Tí dókítà eyín bá tún kọ chlorhexidine fún yín, èyí tó jẹ́ 0.2%, mílílítà 10 ni, ẹ gbé e sẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tu ú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má lò ó kété tí ẹ bá fọ ẹnu tán o. Ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín hó a máa sọ agbára rẹ̀ di aláìlágbára, ẹ jẹ́ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú ààwẹ̀, ẹ lò ó kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì tètè jẹ sààrì kí àyè lè wà fún un kí àsùbáà tó wọlé. Ọtí wà nínú òmíràn, èyí tí wọ́n kọ alcohol-free sí ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ má fún Ràmọ́tà tí kò bá tíì pé ọdún 12, àfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Tí ètè tàbí ahọ́n bá sì wú lẹ́yìn tí ẹ lò ó, tàbí èémí ń ṣòro, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání.