Gbèsè báńkì lórí ilé olóògbé: ta ni yóò san án?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaekun, Àáfà. Oṣù méjì rèé tí ọkọ mi ti kú. Ilé tí à ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó báńkì ló fi parí rẹ̀. Ìwé ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, gbèsè tó kù sì jẹ́ mílíọ̀nù 6 náírà. Èmi náà dáwó sí i láti inú èrè ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àjẹ. Ọmọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni a bí, ìyá ọkọ mi sì wà láyé. Àwọn àbúrò ọkọ mi ní ilé ẹbí ni, pé kí n kó jáde, kí n sì máa san gbèsè náà lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wí?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaam, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun forí jin olóògbé, kó sì tù yín nínú.

Rárá, ẹ̀sìn kò wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú, nítorí àwọn tó ní kẹ́ ẹ jáde nínú ilé náà ló tún fẹ́ di gbèsè rẹ̀ rù yín.

Inú ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni a ti ń san gbèsè rẹ̀. Nínú Súrà An-Nisáí, áyà 11 àti 12, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọlọ́hun tún un sọ pé lẹ́yìn àsọọ́lẹ̀ (ohun tí olóògbé ní kí a fún ẹlòmíràn nínú dúkìá òun) àti gbèsè ni kí a tó pín ogún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹ wo òkú kan tí wọ́n gbé wá fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kó kírun sí lára. Nígbà tó gbọ́ pé ó jẹ dínárì méjì, kò kírun sí i títí Abú Kótádà, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, fi ní òun yóò san án. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí gbèsè yìí pẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọrùn yín ló wà, àfi tẹ́ ẹ bá jọ yá owó náà tàbí tẹ́ ẹ buwọ́ lùwé bí onídùúró. Tẹ́ ẹ bá fi owó ara yín san án, oore ni, Ọlọ́hun yóò sì san yín lẹ́san.

Ẹ tètè rán ẹnì kan sí báńkì. Kó béèrè bóyá adójútòfò wà lórí owó náà, torí irú èyí máa ń wà, tó ń san ìyókù bí ẹni tó yáwó bá kú. Kó tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbójú fo èlé. Èlé harámù ni, Súrà Al-Bákárà sì sọ pé ojú owó nìkan ni ẹ̀tọ́ ẹni tó yáni lówó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa tọrọ àforíjìn fún olóògbé, kí ẹ sì sapá kí gbèsè náà tètè tán kí èlé má baà máa gorí èlé.

Owó tẹ́ ẹ dá sí ilé ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ́ ọ, tí ẹ̀rí tàbí ẹlẹ́rìí sì wà, ìpín yín ti yàtọ̀ kí ogún tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi ta ọkọ yín lọ́rẹ ni, ó ti di tirẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tó jẹ́, kí ẹ sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́hun.

Ká ní ohun tó jẹ́ ti olóògbé tó mílíọ̀nù 30. Ẹ yọ 6 fún báńkì, ó ku 24. Ìdá mẹ́fà ni ti ìyá rẹ̀, mílíọ̀nù 4. Ìdá mẹ́jọ ni tiyín, mílíọ̀nù 3. Mílíọ̀nù 17 tó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ: 6.8 fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, 3.4 fún obìnrin. Bí ọmọ kan kò bá tíì bàlágà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tirẹ̀. Iná ni ẹni tó bá jẹ ohun ọmọ òrukàn ń jẹ sínú.

Ní Ìjẹ̀bú, a mọ ìdí-igi (kí a pín ogún ní iye ìyàwó), a mọ orí-ò-jorí (kí a pín in ní iye ọmọ), mi ò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣà wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọkùnrin olóògbé wà láyé, àwọn àbúrò olóògbé kò ní ìpín nínú ogún. Ẹ sì jókòó sínú ilé yín títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ 10 opó yín yóò fi pé, bí Ànábì ṣe pàṣẹ fún Furaya, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú. Tí àwọn ẹbí bá fẹ́ ìjókòó lórí ilé náà, kí wọ́n mú ìyá ọkọ yín dání, torí òun ló ní ìpín níbẹ̀.