Ìgbà wo ni wọ́n ṣe mọ́tò tó dùn-ún wà jù lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn kan wà nílé wa tí kò fẹ́ tán. Bàbá wa ní lẹ́yìn Peugeot 504, agolo ni gbogbo ọkọ̀ tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n ń sọ, pé ọkọ̀ òde òní ló yára jù. Èmi fẹ́ràn kí n ṣáà máa wa ọkọ̀, kódà bí mi ò bá níbi tí mò ń lọ. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ṣe mọ́tò fún irú wa? (Olùkàwé kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, láti nǹkan bí ọdún 1984 sí 2000 ni. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ mi pa Bàbá lẹ́nu mọ́ o, nítorí inú 504 ni èmi náà ti kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ọdún 1983 ni, mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọkọ̀ bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot lọ́dún 1975. Láàárọ̀ Sátidé, a ó mú ọ̀nà Ifẹ̀ láti Ìbàdàn. Bí a bá ti kọjá Ẹgbẹ́dá, bàbá mi á bọ́ sílẹ̀, á ní kí n wá jókòó sídìí síárìn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń gba kòtò. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀: táyà á rì wọnú ihò, á gòkè padà, ìdí ẹni kò ní mọ̀ ju díẹ̀ lọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally, ìdíje ọkọ̀ kan ní Kẹ́ńyà, lọ́dún 1975, tí Jean-Pierre Nicolas sì tún fi 504 Coupé gbà á lọ́dún 1978. Bó ṣe ń sọ ọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló bí àwọn méjèèjì.

Ohun tí Bàbá yín kò rántí mọ́ ni àárọ̀ ọyẹ́. A ó fa ṣóòkù tó ń mú kí epo pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó tutù, ẹ́ńjìnnì á tan, á kú. A ó tú kábúrétọ̀, a ó fọ̀ ọ́, ilẹ̀ á ti mọ́ kedere kí a tó kúrò nílé. Bí mo bá fẹ́ páàkì, gbogbo apá ni mo fi ń fa síárìn. Bí a bá sì fi 120 wọ kọ́nà, ọkọ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ni 504, àmọ́ ó máa ń kólòlò.

Mo dé Cardiff ní Wales lọ́dún 1994, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi lọ. Owó tí mo kọ́kọ́ tù jọ, Peugeot 205 GTI ni mo fi rà, àlòkù, pupa, ẹ́ńjìnnì lítà 1.9. Lọ́dún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 205 GTI jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1.6 tó ní agbára ẹṣin 105, 1.9 dé lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní 130. O lè ní 130 kéré. Rántí pé gbogbo ọkọ̀ náà kò wúwo ju nǹkan bí kílò 900 lọ.

Ọkùnrin àgbàlagbà tó tà á fún mi mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò fún mi, àfi ìgbà tó sọ̀rọ̀ kan tán: bí mo bá ti wọ kọ́nà, n kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ báyẹn, ìwọ̀n ọkọ̀ á ya lọ síwájú, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn á sì fẹ́ yọ̀. Lọ́jọ́ tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń gba ọ̀nà A470 gba Merthyr lọ sí Brecon, láàárín àwọn òkè tí àgùntàn ń jẹ̀ káàkiri. Lọ́jọ́ kan tí òjò winniwinni ń rọ̀, bí mo ṣe kọjá Storey Arms tí mo ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi dẹ̀ díẹ̀ láàárín kọ́nà. Ìdí ọkọ̀ fúyẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n nínú àga tí mo jókòó lé kí ojú mi tó rí ohunkóhun, síárìn náà sì ti sọ fún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dá ẹsẹ̀ padà jẹ́jẹ́, ọkọ̀ tò, a ń lọ. Ọkọ̀ ti kìlọ̀ fún mi kó tó ṣe é. Ohun tí mò ń wá nínú mọ́tò nìyẹn, àbúrò mi, n kò rí èyí tó jù ú lọ látìgbà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún wọ̀nyẹn? Kọ̀ǹpútà ti wọ ibi tí epo ń gbà, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ń tan láàárọ̀. Kò tíì wọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Wáyà ló so ẹsẹ̀ rẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí síárìn bá ní olùrànlọ́wọ́ rárá, òróró ni, òróró kì í sì í fi ohun tí táyà ń rí pa mọ́ tán. Àní Porsche 911 pàápàá, ọdún 2011 ni wọ́n tó fi mọ́tò oníná rọ́pò òróró yẹn.

Ìdíje náà dá sí i. Lábẹ́ òfin Group A, ẹ̀ka ìdíje fún ọkọ̀ irú èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kan díje gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ 5,000 láàárín oṣù méjìlá. Ibẹ̀ ni BMW M3 ti ọdún 1986 ti wá. Mercedes náà ti gbé 190E 2.3-16 jáde ṣáájú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá ìsáré ọkọ̀ tuntun ní Nürburgring, ní Jámánì, lọ́dún 1984, wọ́n kó àwọn ògbóǹtarìgì awakọ̀ sínú irú Mercedes yìí kan náà kí wọ́n bá ara wọn sáré. Ayrton Senna, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ló ṣe ipò kìíní, Niki Lauda tẹ̀ lé e. Senna yìí náà ló wa NSX, ọkọ̀ eré Honda, ní pápá Suzuka ní Japan nígbà tí Honda ṣì ń ṣe é lọ́wọ́, ó ní ara rẹ̀ rọ̀ jù, wọ́n sì padà lọ mú un le.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má bínú, òótọ́ lòun náà sọ. Golf GTI ti ọdún 1976 ní agbára ẹṣin 110, ó wọn kílò 810. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020 ní 245, ó sì ju kílò 1,400 lọ. Yóò fi tàtijọ́ sílẹ̀ sínú eruku. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀n tó lé yẹn, ààbò ni. Mo ti tọ́jú àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀, nítorí náà inú ọkọ̀ òde òní ni màá fi ọmọ-ọmọ mi sí, láìjanpata. Àmọ́ ìwọ kò bi mí léèrè èyí tó yára jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ Golf 3 tòkunbọ̀ onítọwọ́-jíà. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? (Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: O ṣe dáadáa tí kì í ṣe ọtọmátíìkì. Kí o tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, bẹ̀rẹ̀ wo táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mi ò ní fi táyà tó ti tó ọdún mẹ́wàá sáré, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, kó mi táyà sọ́tùn-ún sósì, kó yẹ búṣì wò, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín àwọn irin abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni owó rẹ máa kọ́kọ́ lọ. Bí búṣì bá ti jẹ, síárìn ò ní sọ òótọ́ kankan fún ọ.